Agbo Ìràwọ̀ Méjì Tó Ń Di Ọ̀kan

Bí ẹ bá jáde síta lóru ọjọ́ tí òṣùpá kò yọ, tí kò sì sí iná nítòsí, ẹ ó rí ìràwọ̀ lọ súà lójú ọ̀run. Oòrùn wa yìí gan-an, ìràwọ̀ ni. Ìtòsí tó wà ló mú kó tóbi lójú wa. Òun àti gbogbo ìràwọ̀ tí ẹ ń fi ojú lásán rí, inú agbo kan ṣoṣo ni wọ́n wà. Ìràwọ̀ inú agbo náà ju bílíọ̀nù 100 lọ, wọ́n sì tò yí po bí ìlà ara ìkarahun ìgbín.

Agbo tiwa nìkan kọ́ ló wà. Ní ọdún 1785, William Herschel, ará Jámánì tó ń gbé ní Ìlú Ọba, fi awò ńlá rẹ̀ rí ohun kan tó dà bí ìkúùkuù lójú ọ̀run. Ẹ̀yìn ìgbà náà la tó mọ̀ pé agbo ìràwọ̀ méjì ló wọnú ara wọn níbẹ̀. Antennae ni wọ́n ń pè wọ́n, èyíinì ni ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ orí kòkòrò, irú ti aáyán, nítorí ìrù gígùn méjì tó yọ lára wọn. Ọ̀nà wọn jìn o! Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń lo bíi ìṣẹ́jú 8 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìmọ́lẹ̀ tiwọn ti rìn fún bíi mílíọ̀nù 65 ọdún.

Kí ló mú wọn wọnú ara wọn? Agbára kan náà tó ń fa àgbọn tó já lórí igi wá sílẹ̀ ni. Bí agbo méjì bá sún mọ́ra, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí èkejì ni fífà náà ń mú jù. Ara wọn á nà, ìràwọ̀ á sì tú jáde bí ìrù. Àwọn kan ò gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí Alar Toomre àti àbúrò rẹ̀, Juri, fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1972, tí irú ìrù náà sì hàn nínú ìṣirò wọn.

Ẹ ó ní, ṣé àwọn ìràwọ̀ náà kò fọ́ ara wọn túútúú ni? Rárá o. Ká ní oòrùn wa kò ju ọsàn kan lọ, ìràwọ̀ tó sún mọ́ ọn jù yóò jìnnà sí ọsàn náà ju máìlì 1,000 lọ. Àyè pọ̀ púpọ̀, wọ́n á kàn gba àárín ara wọn kọjá ni.

Afẹ́fẹ́ àti eruku tó wà láàárín ìràwọ̀ ló ń kọlu ara wọn. Bí wọ́n bá fún pọ̀, wọ́n á ṣù jọ, wọ́n á gbóná, wọ́n á di ìràwọ̀ tuntun. Àwòrán tí awò Hubble yà láti òfurufú, tó jáde ní 1997, fi hàn pé ìdìpọ̀ ìràwọ̀ tuntun ibẹ̀ ju 1,000 lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní àwọ̀ búlúù, bí iná sítóòfù tó jó dáadáa. Ibi tí à ń retí òkú, ọmọ ni wọ́n ń bí níbẹ̀! Bó bá pẹ́ títí, agbo méjèèjì yóò di ọ̀kan, ìlà ìkarahun ìgbín yẹn á sì parẹ́.

Agbo tiwa ńkọ́? Agbo ńlá kan tó ń jẹ́ Andromeda ń sún mọ́ wa. Ó pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń sọ pé dandan ni kó wọnú tiwa. Ní 2025, àwọn kan tún un ṣírò, wọ́n ní ó lè ṣẹlẹ̀, ó sì lè má ṣẹlẹ̀, láàárín bílíọ̀nù 10 ọdún tó ń bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ẹ̀ pa oko rẹ̀ tì. Lóṣù kọkànlá, bí ilẹ̀ bá ṣú tán, ẹ kọjú sí àríwá, kí ẹ gbójú sókè dáadáa. Bí ẹ bá rí ohun funfun bàìbàì kan, tó dà bí èéfín díẹ̀, tí kò sì kúrò lójú kan bí àwọsánmà, Andromeda nìyẹn.