Ike Ìdánwò Ibà

Ike, bébà, èròjà kẹ́míkà. Ọ̀rúndún 21.

Ike pẹlẹbẹ yìí kò nílò iná ìjọba, kò sì nílò fíríìjì. Ìyẹn ló mú kó wúlò ní etíkun Ìlàjẹ, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé aláìsàn láti abúlé lọ sí Igbókòdá. Wọ́n á gún ìka aláìsàn, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sí ojú ihò, wọ́n á fi omi èròjà inú ìgò tẹ̀lé e. Bébà á fà á lọ bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20, ìlà méjì á fi hàn pé ibà wà níbẹ̀.

Àmọ́ ibà wo? Èyí tí kòkòrò Plasmodium ń fà nìkan. Ike yìí kò mọ ibà pọ́njú, kò mọ dengue, kò mọ chikungunya, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọn ló ń gbé gbogbo wọn kiri, ara gbígbóná wọn sì jọra. Ọ̀sán ni Aedes aegypti, ẹ̀fọn tó ń gbé fáírọ́ọ̀sì àwọn àìsàn mẹ́ta yìí, máa ń jẹ ènìyàn. Inú dúrọ́ọ̀mù tí a fi gbe omi òjò ló sì ti ń yé ẹyin. (Ẹni tí omi oníyọ̀ yí ilé rẹ̀ ká, kí ni yóò mu bí kò bá gbe òjò?)

Nítorí náà, ìlà kan ṣoṣo kò túmọ̀ sí pé ara ti yá. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ṣe bébà tó ń pa àwọ̀ dà bó bá rí fáírọ́ọ̀sì Zika, tí Aedes náà ń gbé. Síbẹ̀, ọdún kan lẹ́yìn náà, nígbà tí ibà pọ́njú bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara, Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀.