Fàdákà, Alárenà Ọtí àti Afẹ́fẹ́

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, èdè Yorùbá ni mo ń kọ́, n kò kọ́ kẹ́místrì. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìkòsì ni mí, mo sì mọ̀ pé emu àárọ̀ kì í ṣe emu ọjọ́ kẹta. Bí emu bá pẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì, a kan. Kí ló fà á? Àwọn kòkòrò tíntìntín ni ó ń so ọtí inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, tí ọtí fi ń di ásíìdì.

Ọtí kì í ṣàdédé di ásíìdì. Ibùsọ̀ kan wà láàárín ọ̀nà. Álídíháìdì ni orúkọ ohun tí ọtí ń dà níbẹ̀. Ibùsọ̀ yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ ń wá. Wọ́n ń mú mẹtánọ́ọ̀lù, ọtí tí kò ṣeé mu, wọ́n ń sè é títí yóò fi di bí afẹ́fẹ́, wọn a sì gbà á pẹ̀lú afẹ́fẹ́ kọjá láàárín fàdákà tí ó gbóná tó ìwọ̀n 600 sí 700 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Álídíháìdì tí ó ń jáde ni a fi ń ṣe fọ́málìn tí a fi ń tọ́jú òkú, àti àtè tí ó lẹ pílíwúùdù àwọn káfíńtà wa pọ̀.

Kí ni iṣẹ́ fàdákà? Alárenà ni. Ó mú ọtí àti ọ́síjìn pàdé. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti wọ̀ tán, alárenà a yẹ̀bá. Ojú fàdákà ni ìpàdé náà ti ń ṣẹlẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fẹ́ èyí tí ó ní ihò wẹ́wẹ́ bíi kànrìnkànrìn: bí ihò bá ṣe pọ̀ tó ni ojú ń pọ̀ tó. Wọn a sì tètè mú ohun tí ó jáde tutù, kí ó má baà kọjá ibùsọ̀.

Ẹ̀dọ̀ wa náà ní alárenà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ara kì í dúró ní ibùsọ̀. Ó ń ti mẹtánọ́ọ̀lù lọ títí di ásíìdì, irú èyí tí ó wà lára àwọn èèrà kan. Òun ni í fọ́ni lójú, tí í sì í pani. Ní oṣù Kẹrin 2015, ó lé ní ènìyàn 15 tí ó kú ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí fọ́ wọn, ojú wọn ṣú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé mẹtánọ́ọ̀lù inú ògógóro ni.

Ọtí méjèèjì jọra lójú, wọ́n jọra lẹ́nu. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mutí tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a fún mẹtánọ́ọ̀lù ní orúkọ Yorùbá tí yóò máa kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá gbọ́ ọ. Bí a bá ń pe májèlé ní ọtí, ta ni yóò sá fún un?