Àyà já McIlroy, síbẹ̀ ó gba kóòtù tó fi ọdún mẹ́rìnlá lé

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tí àyà rẹ̀ kì í já. Ẹni tó fẹ́ wọlé ìdánwò, ẹni tí wọ́n pè fún ìntáfíù iṣẹ́, gbogbo wọn lọwọ́ ń gbọ̀n. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ibi tí àyà jíjá ti ń ṣe èèyàn báṣubàṣu ní gbangba, ẹ lọ wo àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù. Bọ́ọ̀lù á dúró jẹ́ẹ́ sórí koríko, èèyàn ló máa rìn lọ bá a. Bó ṣe ń rìn lọ yẹn lọkàn rẹ̀ á máa sọ oríṣìíríṣìí fún un. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù níye ìgbà tó kéré jù ló ń borí.

Ohun tójú Rory McIlroy, ọmọ Northern Ireland, rí nìyẹn lọ́dún 2011. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún péré ni nígbà náà. Níbi ìdíje Masters ní Augusta, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń wọ kóòtù aláwọ̀ ewé fẹ́ni tó bá borí, ìgbà mẹ́rin ló fi ṣáájú gbogbo wọn kí ọjọ́ tó kẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀. Àfi bó ṣe dé ihò kẹwàá tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ yà bàrá sọ́wọ́ òsì, ló bá bọ́ sáàrin àwọn ilé kéékèèké kan. Ihò tó yẹ kó fi mẹ́rin parí, méje ló fi parí ẹ̀. Nígbà tílẹ̀ fi máa ṣú, 80 ló gbá, bẹ́ẹ̀ 72 ló yẹ.

Kì í ṣòun nìkan nirú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Lọ́dún 1996, níbẹ̀ kan náà, Greg Norman fi mẹ́fà ṣáájú Nick Faldo láàárọ̀. Kó tó dìrọ̀lẹ́, Faldo ti fi márùn-ún lu òun náà.

McIlroy kò jókòó sunkún o. Oṣù méjì péré lẹ́yìn náà, ó fi mẹ́jọ borí nínú ìdíje US Open. Nígbà tó fi di 2014, ó ti gba mẹ́ta nínú ife ńlá mẹ́rin tó wà nínú gọ́ọ̀fù. Masters nìkan ló kù, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò rí i gbà.

Ìgbà tó di ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹrin, ọdún 2025, ó tún ṣáájú, àyà tún já. Ihò àkọ́kọ́ báyìí ló ti fi méjì kọjá iye tó yẹ. Ní ihò kẹtàlá, bọ́ọ̀lù bọ́ sódò. Ní ihò tó kẹ́yìn, èyí tí ì bá fi parí ọ̀rọ̀, tí kò jìnnà rárá, ló tún tàsé. Òun àti Justin Rose bá dọ́gba, wọ́n ní kí wọ́n tún un gbá.

Ibẹ̀ lẹ̀kọ́ wà. Harry Diamond, ọ̀rẹ́ ẹ̀ láti kékeré tó ń bá a gbé báàgì, sọ fún un pé ká ní wọ́n fún àwọn nírú àǹfààní yìí láàárọ̀ Mọ́ńdè ni, tọwọ́tẹsẹ̀ làwọn ì bá fi gbà á. Ọ̀rọ̀ yẹn pe orí rẹ̀ wálé. Ó padà lọ, ó gbá bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, ó sì tì í wọlé. Lo bá wólẹ̀ síbẹ̀, lẹ́kún gbà á lẹ́nu.

Bryson DeChambeau, tí wọ́n jọ ń gbá a lọ́jọ́ náà, ṣàròyé fáwọn oníròyìn pé ọkùnrin náà kò bá òun sọ̀rọ̀ rárá. Ìgbéraga kọ́ o. Bob Rotella, onímọ̀ nípa ọkàn èèyàn tó ń gbà á nímọ̀ràn, ṣàlàyé pé àdéhùn àwọn ni pé eré tiẹ̀ nìkan ni kó gbájú mọ́, kó má wo ohun tẹ́nì kejì ń ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìntáfíù lọ́la, ẹ má retí kí àyà yín má já, yóò já. Ẹ mí kanlẹ̀, ẹ má wo ojú ẹni tẹ́ ẹ jọ ń du iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ṣi ìbéèrè kan dáhùn, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tó kàn ni kẹ́ ẹ kọjú sí. McIlroy náà tàsé, ẹ ẹ̀ rí i pé òun ló wọ kóòtù relé.