Bí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Ṣe Di Iṣẹ́ Kíláàsì ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Kò sí ọmọ girama ní Ìjerò, Àrámọkọ tàbí Ẹ̀fọ̀n Aláàyè tí kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Sífíìkì. Inú rẹ̀ ni tíṣà ti ń kọ́ wọn pé èèyàn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí rẹ̀, sí iyì rẹ̀ àti sí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Ọ̀nà tí iṣẹ́ náà gbà dé jìn díẹ̀.

Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1948, òyìnbó ló ṣì ń ṣàkóso wa. Ọdún 1989 ni àjọ náà fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, Nàìjíríà sì gbà á wọlé ní 1991. Ọdún 2003 ló tó di òfin ní Àbújá. Ọ̀rọ̀ ọmọdé wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, nítorí náà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti ṣe tirẹ̀. Èkìtì wà lára àwọn tó ṣe é. Lẹ́yìn òfin ló kan kíláàsì: ní 2008, ètò ẹ̀kọ́ tuntun yọ Sífíìkì kúrò lára Social Studies, ó dá dúró. Ní 2011, ó dé kíláàsì àgbà.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn ni ibi tí òfin ti ń kọlu òfin. Ìwé òfin 1999 to ẹ̀tọ́ sí abala 33 sí 46, èyí tí èèyàn lè torí rẹ̀ lọ sí kóòtù. Abala 18, tó sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, kò sí lára wọn. Òfin ọmọdé ti 2003 ló sọ ọ́ ní abala 15 pé ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ. Òfin kan náà ní abala 11 kọ ìyà tó ń tàbùkù ọmọ, bẹ́ẹ̀ abala 295 nínú òfin ọ̀daràn tí a jogún ní gúúsù gba olùkọ́ láyè láti na ọmọ níwọ̀nba. Ọmọ tó gbọ́n yóò bi tíṣà pé èwo ni ká tẹ̀ lé.

Kò sì yẹ kí tíṣà wa lọ wá àpẹẹrẹ ẹ̀tọ́ tí wọ́n tẹ̀ lójú sí ìlú òkèèrè. Ní Òkè-Ìmẹ̀sí, nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Àrámọkọ, àwọn ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú nígbà kan, ń gba ohun ìní onílé, wọ́n ń fi ọwọ́ ọlá gbá aráàlú lójú. Ní 1878, Fábùnmi, ọmọ ìlú náà, pa ajẹ́lẹ̀ ibẹ̀, Èkìtì Parapọ̀, ìyẹn àwọn ìlú tó para pọ̀ kọ Ìbàdàn, sì dìde. Ogun Kírìjí tó tibẹ̀ bẹ́ kò parí títí di 1893. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jiyàn lórí ẹ̀tọ́ tí ajẹ́lẹ̀ rú, àti bóyá idà ló yẹ kó dáhùn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má fi Sífíìkì mọ sí àkọ́sórí fún ìdánwò WAEC. Ẹ jẹ́ kí ọmọ bèèrè ọ̀rọ̀, kí ẹ sì dá a lóhùn láìfi pàṣán pa á lẹ́nu mọ́.