Ọ̀nà Jíjìn Ni Iná Ti Ń Wá Sínú Ilé Yín

Ẹ̀yin aya àti ìyá ọ̀dọ́, nígbà tí ẹ bá tẹ súwíìṣì tí gílóòbù sì tàn, ǹjẹ́ ẹ ti bi ara yín rí pé níbo ni iná náà ti ń bọ̀? Ó lè jẹ́ Kainji, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọya, tí agbára omi ń yí ẹ̀rọ láti nǹkan bí ọdún 1969. Ó sì lè jẹ́ Egbin lẹ́bàá Ìkòròdú, níbi tí wọ́n ti ń fi iná gáàsì sè omi, tí ooru omi híhó náà ń yí ẹ̀rọ.

Iná tí ń rin ọ̀nà jíjìn dà bí omi tí a fi igbá jíjò pọn: díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ṣòfò lójú ọ̀nà, tí yóò di ooru lára wáyà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi agbára ńlá tì í, fólítì 330,000, gba orí àwọn òpó irin gíga tí ẹ ń rí láàárín oko. Bí agbára tí ń tì í bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni òfò yóò ti kéré tó. Òṣogbo ni ibùdó tí ń ṣọ́ gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí wà. Lẹ́yìn náà ni wọn óò máa dín agbára náà kù títí tí yóò fi dé tàràńsífọ́má àdúgbò yín.

Wáyà mẹ́rin ní ń ti ibẹ̀ jáde. Mẹ́ta gbé iná, ìkẹrin sì ni ọ̀nà àbọ̀. Láàárín ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí àti ìkẹrin, nǹkan bí fólítì 230 ni. Láàárín méjì nínú mẹ́ta náà, ó tó nǹkan bí 400. Wọ́n a pín àwọn ilé sórí àwọn mẹ́ta náà, ìdí nìyí tí aládùúgbò yín fi lè ní iná nígbà tí ẹ̀yin wà lókùnkùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, gílóòbù ilé wa ṣàdédé mọ́lẹ̀ bí oòrùn ọ̀sán. Àbúrò mi pàtẹ́wọ́, ó ní iná ọjọ́ náà mà dára o! Kí n tó dé ìdí mítà, fíríìjì ti ń rú èéfín. Wáyà ìkẹrin ni ó já lórí òpó; iná tí kò rí ọ̀nà àbọ̀ gba ilé ẹlòmíràn wọ tiwa.

Bí gílóòbù yín bá mọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹ má yọ̀. Ẹ pa súwíìṣì ńlá kíákíá, kí ẹ tó ránṣẹ́ sí àwọn oníná. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi wáyà nínípọn rọ́pò fíúùsì (àwọn ọkọ wa ni wọ́n sábà máa ń ṣe èyí, tí wọn óò ní àwọn ti tún un ṣe!). Fíúùsì ni ó yẹ kí ó yọ́, kí wáyà inú ògiri má baà gbiná. Bí wáyà òpó bá sì já sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ wọlé, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.