Graphene nínú Iṣẹ́ Ìṣègùn: Ohun Tí Oníṣòwò Gbọ́dọ̀ Bèèrè

Bí ẹnìkan bá gbé ọjà ìlera wá bá yín, tó ní graphene wà nínú rẹ̀, kí lẹ máa bi í? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Dúdú inú pẹ́ńsù tí àwọn ọmọ wa fi ń kọ̀wé, graphite ni wọ́n ń pè é. Ìbátan èédú ni. Ìpele-ìpele ló wà, bí ewé ìwé tí a tò léra. Ewé kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni graphene. Ó fẹ́lẹ́ débi pé nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta rẹ̀ ni yóò para pọ̀ kó tó nípọn tó mìlímítà kan. Ní 2004, Andre Geim àti Konstantin Novoselov ní Yunifásítì Manchester fi hàn pé sẹ́lótéèpù lásán lè bó o jáde. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2010.

Kí ló wá kan ìṣègùn? Iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ń gba inú rẹ̀ kọjá wéré, ó sì ń tẹ̀ láì kán. Nítorí pé ó fẹ́lẹ́, bí nǹkan bín-ín-tín bá fara kàn án, iná inú rẹ̀ yóò yí padà. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń lò nìyí láti ṣe ẹ̀rọ kékeré tó ń wá àmì àìsàn nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 2024, ní ilé ìwòsàn Salford Royal lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manchester, àwọn dókítà tó ń yọ jẹjẹrẹ inú ọpọlọ tẹ́ ẹ̀rọ graphene lé ọpọlọ aláìsàn náà, láti fi mọ ibi tó dá ṣáṣá yàtọ̀ sí ibi tí jẹjẹrẹ wà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná o: ìdánwò nìyẹn, lábẹ́ ojú dókítà. Ti ọjà yàtọ̀. Ní oṣù kẹrin 2021, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Kánádà ní kí àwọn tó ń kó ìbomú oní-graphene wọlé àti àwọn tó ń tà á dáwọ́ dúró, nítorí ẹ̀rù pé ènìyàn lè fa ẹ̀rún rẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ní oṣù keje, lẹ́yìn àyẹ̀wò, wọ́n dá irú mẹ́rin padà sọ́jà. Àwọn tó ti kówó lé e ńkọ́? Wọ́n dúró ná!

Nítorí náà, ẹ bèèrè: iṣẹ́ wo ni graphene ń ṣe nínú ọjà yìí? Ṣé ó lè bọ́ sínú èémí ènìyàn? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀ dà? Bí ọjà bá kú síni lọ́wọ́, gbèsè ẹgbẹ́ kì í kú. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.