Táyà Tí Ó Jò Lójú Ọ̀nà: Ojúṣe Awakọ̀ àti Ojúṣe Àwa Èrò

Kò sí ìjọ kan tí kì í rìnrìn-àjò. Bí kì í bá ṣe ìpàdé àgbègbè, a jẹ́ ìpàgọ́ àwọn ọ̀dọ́, tàbí ìsìnkú òbí ọmọ ìjọ kan ní ìlú mìíràn. Bọ́ọ̀sì ìjọ ni a sábà máa ń wọ̀. A ó gbàdúrà kí a tó gbéra, ẹnìkan yóò sì dá orin. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí ni èyí tí ó yẹ kí ó ti ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá orin náà, àti èyí tí ó yẹ kí gbogbo wa ṣe bí táyà bá jò tàbí tí ó bẹ́ lójú ọ̀nà.

Ní ọdún 2017, àwa 16 ni a wà nínú bọ́ọ̀sì kan tí ó ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀ wá sí Ọ̀yọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ọkọ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí fà sí apá ọ̀tún, ohun kan sì ń dún lábẹ́ wa bí ẹni ń fi ọmọ odó gún ilẹ̀. Awakọ̀ wa, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, rọra gba ẹ̀gbẹ́ títì lọ. Táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni ó ti jò. Ẹ̀rù kò ba ẹnikẹ́ni, nítorí a mọ̀ pé táyà sípéà wà nínú ọkọ̀. Ó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e sílẹ̀, a rí i pé kò sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀. Jáàkì náà wà, ṣùgbọ́n ọ̀pá tí a fi ń yí i kò sí níbẹ̀. Ẹnìkan ti yá a, kò sì dá a padà. Awakọ̀ gbé táyà sípéà náà sórí ọ̀kadà, ó ń wá fọ́kánáísà kiri nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ó ti kọjá agogo 12 òru kí a tó délé.

Kì í ṣe òkùnkùn yẹn ni ó ń bà wá lẹ́rù títí di òní. Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù ni pé, ní gbogbo ìgbà tí a fi dúró, àwọn kan nínú wa jókòó sínú bọ́ọ̀sì nítorí ẹ̀fọn, àwa yòókù sì dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, lórí ọ̀dà títì gan-an, a ń tan iná fóònù, a ń gba awakọ̀ nímọ̀ràn, nígbà tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ńláńlá ń fẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Táyà tí ó jò kò pa wá lára. Ìdúró tí a dúró ni ì bá pa wá.

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Táyà tí ó jò àti táyà tí ó bẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìṣó, àfọ́kù irin tàbí ẹnu táyà tí ó ti gbó ni ó sábà ń mú kí táyà jò, afẹ́fẹ́ a sì máa jáde díẹ̀díẹ̀. Bíbẹ́ ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ lójijì, ooru ni ó sì sábà máa ń fà á. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré nínú táyà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò máa tẹ̀, yóò máa nà, bí ó ti ń yí. Títẹ̀ àti nínà yìí a máa mú un gbóná, pàápàá bí ọkọ̀ bá ń sáré nínú oòrùn ọ̀sán, títí rọ́bà àti okùn inú rẹ̀ yóò fi já kúrò lára ara wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àfẹ́jù nìkan ni ó ń bẹ́ táyà. Àfẹ́jù kò dára, ṣùgbọ́n àìtó afẹ́fẹ́ náà ń pa ọkọ̀ jù bí a ti ń rò lọ. Ẹ wá fi ẹrù kún un. Bọ́ọ̀sì tí ó gbé ènìyàn 16 lọ, tí ó sì ń gbé wọn padà pẹ̀lú iṣu àti àpò gàrí tí wọ́n rà lọ́nà, kì í ṣe ẹrù kan náà ni ó gbé lọ tí ó gbé bọ̀.

Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó tọ́ wà nínú ìwé kékeré tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí nínú ìwé ọkọ̀ náà. Ibẹ̀ ni kí a ti wò ó. Kì í ṣe nọ́ḿbà tí a kọ sí ara táyà fúnra rẹ̀ ni a ń wí, nítorí ìyẹn ń sọ ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá ni. Àárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni àkókò tí ó yẹ kí a wọn afẹ́fẹ́, nítorí táyà tí ó ti gbóná yóò fi iye tí ó ju ti òtítọ́ lọ hàn. Kí ìjọ ra gééjì tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn fọ́kánáísà wa mọ iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n a ti rí èyí tí ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni ó fi ń ta táyà kí ó tó ní ó ti tó.

Lẹ́yìn afẹ́fẹ́ ni ọjọ́ orí táyà. Láti ìgbà tí Michelin ti dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Port Harcourt ní 2007, tí Dunlop náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìkejà ní 2008, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ jù lọ táyà tí a ń lò ní Nàìjíríà ti ń wá, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ tòkunbọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ti lò kí wọ́n tó sọ ọ́ nù. Ojú rẹ̀ lè dán, kí ó sì ní eyín dáadáa, síbẹ̀ kí rọ́bà inú rẹ̀ ti gan. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, níbi tí a kọ lẹ́tà DOT sí: nọ́ḿbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn níbẹ̀ ni ó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí a ṣe é. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni a ṣe táyà náà. Ọdún 4 ni àwọn aláṣẹ ní Nàìjíríà ń dá fún táyà láti ọjọ́ tí a ti ṣe é. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra táyà fún ọkọ̀ ìjọ tí kò sì lè ka nọ́ḿbà yìí, kí ó mú ẹni tí ó lè kà á dání.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọkọ̀ àwọn tálákà nìkan ni èyí kàn. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2016, táyà ọkọ̀ tí ó gbé Amòfin Àgbà James Ocholi, tí ó jẹ́ Mínísítà kékeré fún ọ̀ràn iṣẹ́ nígbà náà, bẹ́ ní ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. Òun, aya rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀ ni ìjàǹbá náà gba ẹ̀mí wọn.

Ní ti ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú ọkọ̀, a kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn: táyà sípéà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pé, jáàkì tí ó lè gbé ọkọ̀ náà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, sípánà tí ó bá nọ́ọ̀tì ọkọ̀ náà mu, pákó pẹlẹbẹ kan tí a ó fi sábẹ́ jáàkì bí ilẹ̀ bá rọ̀, iná tọ́ọ̀ṣì, àti àmì onígun mẹ́ta pupa tí ń tan ìmọ́lẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì kan bá ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ náà má ṣe wà nílé. Ó sì dára kí awakọ̀ dán gbogbo rẹ̀ wò nínú ọgbà ìjọ lẹ́ẹ̀kan, kí ó tú nọ́ọ̀tì kan, kí ó sì tún un dè. Nígbà mìíràn ẹni tí ó dè é kẹ́yìn ti fún un le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni méjì kò lè tú u, inú ọgbà sì ni ó sàn kí a ti mọ̀.

Nígbà tí ọ̀ràn bá wá dé lójú ọ̀nà ńkọ́? Bí táyà bá bẹ́ lórí eré, ohun tí ọkàn yóò kọ́kọ́ sọ fún awakọ̀ ni kí ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Èyí gan-an ni kò gbọdọ̀ ṣe, nítorí bíréèkì òjijì lè yí ọkọ̀ po tàbí kí ó dà á nù. Kí ó di sítíárìn mú ṣinṣin pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí ó jẹ́ kí ọkọ̀ dojú kọ iwájú, kí ó ká ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ-iná díẹ̀díẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí eré náà lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ó tó yà sí ẹ̀gbẹ́. Àwa èrò náà ní ipa tiwa: kí a má ṣe pariwo mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe di apá rẹ̀ mú. A mọ̀ pé orúkọ Jésù ni yóò jáde lẹ́nu wa ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Kí ó jáde, ṣùgbọ́n kí a jókòó jẹ́ẹ́ bí a ti ń pè é.

Bí ó bá jẹ́ pé ó jò ni, ààyè wà díẹ̀. Kí awakọ̀ rọra wá ibi tí ó tẹ́jú, tí ó le, tí ó sì jìnnà sí ojú títì. Kí ó má ṣe dúró sí ibi kọ́nà tàbí ní gẹ́ẹ́rẹ́ orí òkè níbi tí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò ti ní tètè rí i. Bí táyà apá òsì ni ó jò, kí ó wọlé sí ẹ̀gbẹ́ dáadáa, nítorí ẹni tí yóò pààrọ̀ rẹ̀ yóò kọ ẹ̀yìn sí àwọn ọkọ̀ tí ń kọjá. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ibẹ̀ sì jẹ́ ibi tí àwọn olè ti ń dáni lọ́nà, èrò tiwa ni pé kí ó tan iná ìkìlọ̀, kí ó máa rọra yí lọ títí yóò fi dé ilé epo tàbí ibi tí ènìyàn wà. Táyà náà yóò bàjẹ́, rímù pẹ̀lú lè tẹ̀. Owó ni a ó fi ra òmíràn.

Gbàrà tí ọkọ̀ bá ti dúró, kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀ láti apá tí kò kọjú sí títì, kí wọ́n sì kọjá gọ́tà lọ sínú koríko, ìyá arúgbó àti ọmọdé pẹ̀lú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀. A mọ̀ pé àwọn awakọ̀ wa máa ń ṣẹ́ ewé lélẹ̀ láti fi ṣe àmì. Ewé sàn ju òfo lọ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n lóru kò sí ẹni tí yóò rí i. Àmì onígun mẹ́ta ni kí a gbé sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó kéré tán ní ìwọ̀n mítà 50, kí ó sì jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ ní irú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn ní ibùdó ìpàgọ́ wọn tí ọkọ̀ sì ń sáré. Bí ọ̀ràn bá ju agbára lọ, nọ́ḿbà 122 ni a fi ń pe Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti Ìjọba Àpapọ̀, a kì í sì í sanwó ìpè náà.

Kí awakọ̀ fa bíréèkì ọwọ́, kí ó ki ọkọ̀ sí jíà, kí ó fi òkúta dí táyà tí ó wà ní ìdojúkọ èyí tí ó jò. Ìgbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀ ni kí ó dẹ àwọn nọ́ọ̀tì; bí ó bá kọ́kọ́ gbé e sókè, táyà yóò kàn máa yí lọ́wọ́ rẹ̀ ni, agbára tí ó sì ń lò lè ti ọkọ̀ bọ́ lórí jáàkì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ki orí tàbí ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Àwọn awakọ̀ àgbà a máa ti táyà sípéà sí abẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, pé bí jáàkì bá yẹ̀, orí táyà ni ọkọ̀ yóò bọ́ sí. Nígbà tí a bá ń de nọ́ọ̀tì, kí a má ṣe dè wọ́n tẹ̀ lé ara wọn yíká; kí a de ọ̀kan, kí a lọ sí èyí tí ó dojú kọ ọ́, títí gbogbo wọn yóò fi jókòó déédéé. Nígbà tí táyà bá ti kanlẹ̀ ni kí a wá fún wọn le pátápátá, kí a sì tún wò wọ́n lẹ́yìn ìrìn díẹ̀.

Ọ̀dọ̀ fọ́kánáísà ni kí a yà sí kí a tó tẹ̀ síwájú ní ọ̀nà jíjìn, nítorí ọkọ̀ náà kò ní sípéà mọ́. Bí ó bá ti táyà sínú omi, tí èéfóòfó sì ń jáde láti ojú ibi tí ó ń tẹ ilẹ̀, ó lè lẹ̀ ẹ́ tàbí kí ó dí i. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ni ó ti ya, kò sí lílẹ̀ tí ó lè gbà á, ẹni tí ó bá sọ pé òun lè ṣe é kò fẹ́ kí a délé. Kí èrò má ṣe máa kán awakọ̀ lójú níbẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ ń ṣú.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀yin alàgbà àti ìgbìmọ̀ ìnáwó ni a sì ń bá sọ ọ́. A ti rí bọ́ọ̀sì tí a fi owó ńlá kọ orúkọ ìjọ sí lára, tí a sì rán aṣọ tuntun fún àga rẹ̀, tí táyà rẹ̀ ti pá. Awakọ̀ ti sọ, wọ́n ní kí ó ní sùúrù di ìkórè. Owó oṣù awakọ̀ ìjọ kò tó ra táyà, kò sì yẹ kí ó máa bẹ̀bẹ̀ fún un. Nínú ìjọ tiwa, lẹ́yìn òru ọjọ́ Sátidé tí a sọ yẹn, a fi ìwé kan sínú ọkọ̀: awakọ̀ yóò kọ iye afẹ́fẹ́ táyà 5 sílẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó jáde, sípéà náà wà nínú 5 yìí, alàgbà kan yóò sì fọwọ́ sí i. Bí kò bá sí ìfọwọ́sí, a kò ní dá orin. Àwọn kan bínú sí i ní oṣù àkọ́kọ́. Ọ̀pá jáàkì náà padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì.